Ijó Orí Ìka Ẹsẹ̀ Tí Wọ́n Jó fún Wa ní Sàǹgó

Tamílọ́rẹ ọmọ mi, Àbẹ̀kẹ́,

Báwo ni Èkó ṣe ń ṣe ọ́ sí? Ṣé ara le koko? Ṣé yàrá tó o gbà yẹn kò jò mọ́? Ọlọ́run tó fi omi sínú àgbọn tí kò jẹ́ kó dànù kò ní jẹ́ kí ayọ̀ rẹ jò dànù. Àwa tí a wà lábúlé níbí wà, a ń jẹ, a ń mu, a sì ń rí ẹni bá jà. Ìyá rẹ ní kí n kí ọ. Ó dúró lé mi lórí bí mo ti ń kọ ọ́ yìí, ó ní n kò gbọdọ̀ kọ ọ̀rọ̀ tó le, mo sì ti ní kó lọ wo ọbẹ̀ rẹ̀ lórí iná.

Ewúrẹ́ rẹ̀ ti bímọ, akọ kan, abo kan, akọ náà ń ké bí ẹni tí wọ́n jẹ ní gbèsè. Ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń lọ ẹ̀gẹ́ ti dákẹ́. Ọ̀nà tó jáde sí Ọ̀tà ti di odò, ọkùnrin tó wá tọrọ ìbò wa tún padà wá, inú wa dùn, a rò pé ó fẹ́ ṣe é ni, àṣé ó kàn fẹ́ ya fọ́tò lẹ́gbẹ̀ẹ́ ihò rẹ̀ ni. Ó yà á tán, ó lọ, ihò náà kù síbẹ̀.

Ó yá, ká wá sórí ọ̀rọ̀ tó wà nílẹ̀. O ránṣẹ́ pé àwọn ẹgbẹ́ oníjó kan ní Àbújá fẹ́ kó o wá máa ṣètò ijó fún àwọn, pé wọ́n fẹ́ gbọ́ èsì kí oṣù yìí tó parí. Ìyẹn ni pé kó o fi iṣẹ́ oṣù sílẹ̀ ní Agbára, iṣẹ́ tó ní bọ́ọ̀sì tó ń gbé èèyàn lọ tó ń gbé e bọ̀, kó o wá máa fò kiri. O ní bí mo bá ní kó o lọ, wàá lọ, bí mo bá ní kó o jókòó, wàá jókòó, ṣùgbọ́n kí n kọ́kọ́ lọ fojú ara mi wo ijó tó o ṣètò ní Sàǹgó kí n tó la ẹnu. Mo gbà, torí ẹjọ́ tí a kò gbọ́ tẹnu ẹni méjèèjì, a kì í dá a. O kò sọ ohun tó wà nínú ijó náà fún mi. Mo ti wá mọ ìdí tó o fi dákẹ́, ṣùgbọ́n jẹ́ kí n máa bọ̀ wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́.

Ìwọ fúnra rẹ kò sí níbẹ̀, ọ̀gá rẹ ní Agbára kò fún ọ láyè. Mo mọ̀ pé Bọ̀wálé, ọmọ tó ṣe ọlọ́dẹ inú ijó náà, á ti sọ tirẹ̀ fún ọ. Gbọ́ tèmi báyìí.

Èmi, ìyá rẹ àti Sirajudeen la jọ lọ, Sirajudeen tí a jọ ṣọ́ géètì ilé-iṣẹ́ bísíkíìtì ní Sàǹgó títí wọ́n fi ní ká máa lọ sílé lọ sinmi. Mo wọ agbádá, mo wọ bàtà mi pupa, a sì tètè kúrò nílé torí orúnkún mi kì í fẹ́ kí wọ́n lé òun. Tíkẹ́ẹ̀tì tó o fi ránṣẹ́ wà nínú fóònù Sirajudeen, torí tèmi kì í gba àwòrán. Mo wò ó, kì í ṣe lẹ́tà, kì í ṣe nọ́ńbà, àmì dúdú wẹ́wẹ́wẹ́ ló kún ojú rẹ̀ bí ìgbà tí èèrà bá bo búrẹ́dì. Mo ní ṣé orúkọ wa nìyí? Sirajudeen ní bí ayé ṣe rí nísinsìnyí nìyẹn, kí n má bèèrè. Nígbà tí a dé ẹnu ọ̀nà gbọ̀ngàn náà, ọmọbìnrin kan tí wọ́n ń pè ní Joy na fóònù tirẹ̀ sí fóònù Sirajudeen, fóònù náà ké tín-ín, ó ní ká máa wọlé. Mo dúró. Mo ní ọmọ mi, fóònù rẹ ti kí Sirajudeen, kò tíì kí ìyàwó mi, kò tíì kí èmi. Ó ní ó ti kí gbogbo wa pọ̀. Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Mo wá kìlọ̀ fún Sirajudeen pé kò gbọdọ̀ jẹ́ kí iná fóònù náà kú títí ijó á fi parí, torí bí àwọn èèrà yẹn bá pòórá, kí la máa fi hàn bí wọ́n bá ní ká dìde lórí àga wọn? Ó ń fi àtàǹpàkò tẹ̀ ẹ́ ṣáá, iná rẹ̀ ń tàn sójú àwọn tó wà lẹ́yìn, wọ́n ń pòṣé, àwa ń ní sùúrù fún wọn.

Wọ́n ṣí aṣọ ìkélé, àwọn ọmọbìnrin jáde nínú aṣọ funfun. Tamílọ́rẹ, ta ni télọ̀ yín? Síkẹ́ẹ̀tì tó yẹ kó wálẹ̀ ló nà gbọọrọ sí ẹ̀gbẹ́ bí àwo tí wọ́n fi ń gbé oúnjẹ fún àlejò, gbogbo itan wà ní gbangba. Ìyá rẹ ní bóyá aṣọ ló tán mọ́ wọn lọ́wọ́. Mo ní aṣọ kò tán, aṣọ pọ̀ níbẹ̀ dáadáa, ibi tó yẹ kó lọ ni kò lọ. Tàwọn ọkùnrin tún wá burú jù, ṣòkòtò wọn lẹ̀ mọ́ wọn lára tó jẹ́ pé òrùlé ni mo ń wò nígbàkígbà tí wọ́n bá kọjú sí wa. Òrùlé náà dára, wọ́n fi pákó tó dán ṣe é. Ìyá rẹ ní ìró kan tí kì í ró mọ́, bí o bá fẹ́, a lè fi ránṣẹ́ sí wọn.

Wọ́n wá bẹ̀rẹ̀ sí rìn lórí ìka ẹsẹ̀. Mo kọ́kọ́ rò pé ilẹ̀ ló tutù. Nígbà tó yá mo rò pé ẹnìkan ló ń sùn nísàlẹ̀ tí wọn kò fẹ́ jí. Ìyá rẹ tó ka ìwé pélébé tí wọ́n fún wa ní bàléè ni wọ́n ń pè é, pé bí wọ́n ṣe ń jó o nìyẹn, àti pé bàléè tó ń pani lẹ́rìn-ín ni eléyìí. Ó ní ilé-iṣẹ́ bísíkíìtì ni wọ́n ń fi ijó ṣe, pé àwọn aláṣọ funfun yẹn ni bísíkíìtì. Mo ní háà. Mo ti ṣọ́ bísíkíìtì títí irun mi fi funfun, n kò rí èyí tó fò rí.

Ọ̀kan wà nínú àwọn bísíkíìtì yẹn, Treasure lorúkọ rẹ̀. Bí àwọn yòókù bá yà síhìn-ín, òun á yà sọ́hùn-ún, bí wọ́n bá bẹ̀rẹ̀, òun á nàró, nígbà tí wọ́n bá wá nàró tán ni yóò ṣẹ̀ṣẹ̀ rántí pé wọ́n bẹ̀rẹ̀. Àánú ọmọ náà ṣe mí. Mo ní kí ló dé tí wọn kò jẹ́ kó kọ́ ọ dójú àmì kí wọ́n tó mú un wá sójú ayé? Ìyá rẹ ní ó kọ́ ọ dójú àmì, pé àṣìṣe yẹn gan-an ni wọ́n kọ́ ọ. Mo ní ta ló kọ́ ọ? Ó ní ọmọ rẹ ni. Tamílọ́rẹ! Ṣé torí èyí ni mo fi sanwó ilé-ìwé? Ẹni tó bá fẹ́ kọ́ bí wọ́n ṣe ń ṣìṣe, kó wá wo àwọn tó ń ṣe ọ̀nà wa, ọ̀fẹ́ ni wọ́n ń kọ́ni.

Ibi tí mo ti gbà fún ọ ni ibi ọ̀gá ilé-iṣẹ́. Ọkùnrin gbọọrọ kan ló ṣe é, láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin gìgísẹ̀ rẹ̀ kò kanlẹ̀. Òótọ́ pọ́ńbélé lo jó níbẹ̀. Ní gbogbo ọdún tí mo fi ṣí géètì, n kò rí ọ̀gá kan tí gìgísẹ̀ rẹ̀ kan ilẹ̀ ilé-iṣẹ́ yẹn, láti inú ọkọ̀ ni sínú ọ́fíìsì, láti inú ọ́fíìsì ni sínú ọkọ̀. Àwọn tó ń ru àpò fúláwà ni ilẹ̀ mọ ẹsẹ̀ wọn. Nígbà tí àwọn òṣìṣẹ́ wá gbé ọ̀gá náà sókè, tí òógùn bò wọ́n, tí òun na ọwọ́ méjèèjì bí ẹni pé òun ló ń fò, mo pàtẹ́wọ́ títí àtẹ́lẹwọ́ mi fi gbóná. Sirajudeen náà pàtẹ́wọ́, fóònù fẹ́rẹ̀ẹ́ já bọ́.

Ìgbà yẹn ni Bọ̀wálé jáde. Òun nìkan ló ní làákàyè nínú gbogbo wọn. Aṣọ rẹ̀ bo ara, fìlà rẹ̀ jókòó dáadáa, ó wọ bàtà tó ní gìgísẹ̀, ó sì fi gìgísẹ̀ náà tẹ ilẹ̀. Ọlọ́dẹ géètì ni. Orúnkún rẹ̀ kan kò ká, ó ń ju ẹsẹ̀ náà síta kó tó gbé e lélẹ̀, ó sì ń kí gbogbo ohun tó bá kọjá. Ó kí mọ́tò ọ̀gá, ó kí ewúrẹ́ tó wá jẹ páálí, nígbà tí atẹ́gùn ṣí géètì, ó kí atẹ́gùn. Àwọn èèyàn ń rẹ́rìn-ín. Mo sọ fún ìyá rẹ pé kí ló ń pa wọ́n lẹ́rìn-ín? Ẹni tó mọ iṣẹ́ rẹ̀ nìyí, o kò lè mọ ẹni tó ń tẹ̀lé atẹ́gùn bọ̀. Ìyá rẹ náà wà nínú wọn. Ó ń rẹ́rìn-ín, omi ń dà lójú rẹ̀, kò tiẹ̀ wo ìtàgé mọ́, èmi ló ń wò.

Atẹ́gùn bá tún ti géètì, géètì gbá ọmọ náà, ó ṣubú gbì! Gbọ̀ngàn bú sẹ́rìn-ín. Mo wò yíká. Kò sí ẹnìkan tó ní pẹ̀lẹ́. Èèyàn tí ìyá bí, tí wọ́n wọ aṣọ tí wọ́n ń wọ̀ lọ síwájú Ọlọ́run, ọmọ ọlọ́mọ ṣubú lójú wọn, eyín ni wọ́n ń fi hàn án. Lábúlé wa níbí, ajá pàápàá, bó bá kọsẹ̀, ẹnìkan á ní pẹ̀lẹ́. Mo dìde, mo ní pẹ̀lẹ́ o! Kò dìde. Mo ní pẹ̀lẹ́, ọmọ mi, ṣé kò ṣe ọ́ léṣe? Kò dáhùn. Mo ní ó ti ṣe é léṣe nìyẹn. Sirajudeen di etí agbádá mi mú, mo já a gbà, mo forí lé orí ìtàgé. Bí mo ti ń gun àtẹ̀gùn wọn ni ẹ̀rín tún ń pọ̀ sí i, tí àwọn kan ń nawọ́ sí ẹsẹ̀ mi. Mo ní bàtà mi ni wọ́n ń wò.

Mo di Bọ̀wálé lápá, mo gbé e dìde, mo gbọn eruku ara rẹ̀, kò sí eruku kankan níbẹ̀ o, ṣùgbọ́n mo gbọn ọ́n. Mo sì rí i pé wọ́n kọ́ ọmọ náà nílé, torí pé kíá ló dọ̀bálẹ̀ fún mi, orin ń lọ, àwọn bísíkíìtì dúró lórí ìka ẹsẹ̀ kan, wọn kò mọ ibi tí wọn yóò gbé èkejì sí. Ọ̀gá sọ gìgísẹ̀ kalẹ̀. Àwọn èèyàn pariwo, wọ́n pàtẹ́wọ́, mo juwọ́ sí wọn, mo sọ̀kalẹ̀. Ohun tó wá dùn mí ni pé bí mo ti jókòó báyìí, ọmọ náà padà lọ síbi tó ti ṣubú, ó tún ṣubú. Lẹ́yìn gbogbo wàhálà mi! Ṣùgbọ́n lọ́tẹ̀ yìí, gbogbo gbọ̀ngàn ló jọ pariwo pé pẹ̀lẹ́ o! Bọ̀wálé gbé fìlà rẹ̀ sókè láti ilẹ̀, ó fi dá wọn lóhùn. Mo gbé ara sẹ́yìn lórí àga, mo ní Sàǹgó ti ní ẹ̀kọ́.

Nígbà tó kù díẹ̀ kó parí, fèrè ilé-iṣẹ́ dún. Bísíkíìtì lọ, òṣìṣẹ́ lọ, mọ́tò ọ̀gá lọ. Ó ku ọlọ́dẹ pẹ̀lú géètì rẹ̀. Ó wo ọ̀tún, ó wo òsì, ó rí i pé kò sẹ́nì kankan, ló bá bẹ̀rẹ̀ sí jó. Ó di géètì mú bí ẹni di ọwọ́ ìyàwó, ó rọra ń na ẹsẹ̀ tí kò ká yẹn, ó ń yí, ó ń rẹ́rìn-ín sí ara rẹ̀. Ẹnikẹ́ni kò rẹ́rìn-ín mọ́. Obìnrin kan níwájú wa ń nu ojú. Ìyá rẹ di ọwọ́ mi mú, mo ní bóyá òtútù ẹ̀rọ wọn ló ń mú un, mo fún un ní fìlà mi.

Wọ́n parí, wọ́n tò wá síwájú wa, wọ́n kí wa. Àwọn ọmọbìnrin yẹn kúnlẹ̀ dé agbede méjì, wọ́n tún nàró. Ìkúnlẹ̀ ààbọ̀! Bí o bá ti ń lọ sílẹ̀, lọ délẹ̀. Bọ̀wálé wá bá wa níta, ó dọ̀bálẹ̀, ó sìn wá dé ibi tí a ti fẹ́ wọ ọkọ̀, ojú rẹ̀ kò sì kúrò lẹ́sẹ̀ mi. Bí mo bá dúró, á dúró, bí mo bá gbẹ́sẹ̀, á tẹjú mọ́ ọn. Mo ní ọmọ yìí, bàtà yìí wù ọ́, bí mo bá kú, gbà á. Ó dúpẹ́.

A fẹ́rẹ̀ẹ́ dé Joju nínú ọkọ̀ kí Sirajudeen tó bi mí pé Adérógbà, ṣé o rí ara rẹ? Mo ní níbo? Ó ní lórí ìtàgé. Mo ní bẹ́ẹ̀ ni, mo gun orí ìtàgé, gbogbo ayé rí mi. Ó ní kì í ṣe ìgbà tí o gùn ún, ó ní kó tó di pé o gùn ún. Mo kí i pẹ̀lẹ́, torí mo mọ̀ pé inú ń bí i pé fóònù rẹ̀ ti kú.

Lọ́jọ́ Ajé tó tẹ̀lé e, mo lọ sí báǹkì kan ní Ọ̀tà láti bi wọ́n bóyá owó mi ṣì wà níbẹ̀ tàbí wọ́n ti gbé e fún ẹlòmíràn tó nílò rẹ̀ jù mí lọ. Dígí ni ilẹ̀kùn wọn. Bí mo ti ń bọ̀, mo rí bàbá kan nínú lọ́hùn-ún tó ń bọ̀ wá pàdé mi, ó ń sín Bọ̀wálé jẹ. Ó ń ju ẹsẹ̀ síta gẹ́lẹ́ bíi tirẹ̀ kó tó gbé e lélẹ̀. Mo rẹ́rìn-ín, mo ní ẹni yìí náà ti wo ijó Tamílọ́rẹ. Òun náà rẹ́rìn-ín. Mo fẹ́ bi í pé ibo ló jókòó sí. Ìgbà yẹn ni mo rí fìlà mi lórí rẹ̀.

N kò wọ báǹkì mọ́. Mo padà sílé, n kò jẹun, n kò bá ìyá rẹ sọ̀rọ̀. Inú bí mi, Tamílọ́rẹ. Ojú tì mí. Mo ní àṣé èmi ni wọ́n ń rín, èmi tí mo ń kí wọn láti orí àga, àti pé ọmọ tí mo bí ló kó ìrìn mi lọ tà fún wọn. Mo mú bírò, mo ní n ó kọ ọ́ pé jókòó sí Agbára rẹ títí wọ́n á fi sin ẹ́ síbẹ̀. Mo kọ orúkọ rẹ, mo kọ Àbẹ̀kẹ́, ọwọ́ mi dúró.

Ohun tó dá a dúró ni pé lóòótọ́ ni mo máa ń jó. Bí fèrè bá dún, tí bọ́ọ̀sì bá kó gbogbo wọn lọ, orúnkún yìí á ti gan láti àárọ̀, bí n kò bá nà án, n kò ní lè rìn délé. Mo máa ń di géètì mú, mo máa ń jó díẹ̀. Mo rò pé èmi àti Ọlọ́run nìkan la mọ̀ ọ́n. Mo ronú síwájú sí i pé ní gbogbo ọdún tí mo fi dúró níbẹ̀, ọkọ̀ ń wọlé, ọkọ̀ ń jáde, wọ́n ń wo géètì bóyá ó ti ṣí, ẹnìkan kò wo ẹni tó ṣí i. Ìwọ wá mú kí odindi gbọ̀ngàn jókòó sínú òkùnkùn, kí wọ́n dákẹ́, kí wọ́n máa wò ó. Ó dùn mí, ó sì dùn mọ́ mi. N kò mọ bí méjèèjì ṣe wọ inú èèyàn kan.

Nítorí náà, máa lọ sí Àbújá. Mo ti sọ ọ́, n kò ní sọ ọ́ lẹ́ẹ̀mejì, ìyá rẹ ti ń jó nídìí ààrò.

Ṣùgbọ́n bí ẹ bá ti ń fi ìrìn mi jẹun, èmi náà gbọ́dọ̀ tọ́ ọ wò. Fi nǹkan ránṣẹ́ kí n fi ra òróró tí mo fi ń ra orúnkún, òun ni baba ìsàlẹ̀ ijó yín, ẹ má jẹ́ kó gbẹ. Fi nǹkan sí i fún ìyá rẹ, kí ẹ lè rí ìró yẹn gbà. Sirajudeen ní òun fẹ́ bátìrì fóònù, mo ní n ó bá a sọ, mo ti bá a sọ nìyẹn. Kó o sì sọ fún àwọn onílù yín pé kí orin dúró díẹ̀ bí Bọ̀wálé bá ti ṣubú, kí àwọn ará Àbújá ráyè kí i. Bí wọn kò bá kí i, kó má dìde.

Ibi tí o bá gbẹ́sẹ̀ lé, ilẹ̀ kò ní yọ̀ mọ́ ọ lẹ́sẹ̀. Wọ́n á rí ọ, wọn kò ní rí àléébù rẹ. Ìwọ tó o sọ ẹni tí wọn kò wò di ẹni àpéwò, Olúwa kò ní jẹ́ kí ojú fò ọ́ dá.

Ohun kan ló kù. Ẹsẹ̀ ọ̀tún ni Bọ̀wálé ń jù síta. Òsì ni tèmi. Òsì ni géètì gbá lọ́dún tí wọ́n bí ọ. Mo mọ ibi tí àṣìṣe náà ti wá, iwájú mi gan-an lo dúró sí lọ́jọ́ tó o rí mi tí mo ń jó, ni òsì mi fi bọ́ sí apá ọ̀tún rẹ. Mo wo ọ̀tún, mo wo òsì, n kò wo iwájú. Tún un ṣe kí ẹ tó dé Àbújá.

Èmi ni bàbá rẹ,
Adérógbà, olórúnkún òsì.